Ìjábọ̀ lẹ́fẹ́lì mi ní a gbẹ́ ilẹ̀ jù ní mílímítà 450 láti ìbẹ̀rẹ̀ títì dé òpin. Ẹ gbà mí o

Awọnlẹ̀ Ìtòkú:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Awọnlẹ̀ ni mí, Abẹ́òkúta ni mo wà. Iṣẹ́ pápá ni mo mọ̀ jù. Civil 3D, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya títì, ọdún méjì péré ni mo fi ń bá a wọ̀dìmú. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Títì kan là ń ṣe lẹ́yìn Àdátán. Kò gùn, kìlómítà kan àti mítà 200 ni. Ẹ sáà mọ ìlú wa: ẹ óò kúrò lórí àpáta kan, ẹ óò bọ́ sórí òmíràn. Wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ti da látéráìtì sí ibi tó jìn, róólà ti tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó da ohunkóhun lé e, kọnsọ́tánǹtì ní kí n mú ìjábọ̀ wá: ní gbogbo mítà 20, àárín títì, etí òsì, etí ọ̀tún, kí n kọ lẹ́fẹ́lì (gíga) tó wà nínú àwòrán, kí n kọ èyí tí mo bá nílẹ̀, kí n wá kọ ìyàtọ̀ wọn. Ìlà 183 nìyẹn.

Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń ṣe é. Màá ṣí àwòrán, màá fi máọ̀sì tọ́ka síbẹ̀, màá ka lẹ́fẹ́lì, màá tẹ̀ ẹ́ sínú Excel. Nínú iṣẹ́ tó kọjá, alẹ́ mẹ́ta ló gbà mí, mo sì tún tẹ lẹ́fẹ́lì àwòrán kan tó jẹ́ 94.316 bíi 94.613. Àgbàṣẹ́ṣe rí i, ó pè mí ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó ní ṣé lóòótọ́ ni kí òun bu ilẹ̀ ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà kún un. Ojú tì mí.

Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kọ̀ǹpútà ni yóò ṣe é. Mo kó points mi, àwọn ojú ibi tí mo wọ̀n, wọlé láti inú total station, ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wa. Mo rí àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní Elevations from Surface, mo ní ayé dẹrùn, mo tẹ̀ ẹ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Excel, mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. 0.000. 0.000. 0.000. Ìlà 183, òdo ni gbogbo rẹ̀. Mo kọ́kọ́ yọ̀ o! Mo ní àwọn èèyàn wa mà mọṣẹ́. Ìgbà tí mo rántí ẹni tó wa grédà ni ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀. Àṣé ńṣe ni àṣẹ yẹn gba lẹ́fẹ́lì tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn kó nínú oòrùn, ó dà á nù, ó fi ti àwòrán rọ́pò rẹ̀. Mo wá ń fi àwòrán wé àwòrán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé fáìlì náà ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Mo tún un ṣe. Mo fi points mi ṣe surface kan, ìyẹn àwòrán ojú ilẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mo pè é ní ILẸ̀. Corridor, ìyẹn àwòrán títì náà lódindi, tí ayàwòrán fún wa ti ní surface kan nínú tẹ́lẹ̀. Mo fi ìyẹn ṣe Base, mo fi ILẸ̀ ṣe Comparison, mo sọ wọ́n di TIN volume surface, èyí tó ń fi gíga méjèèjì wéra. Ẹ wo ohun tó bí (0+020 ni mítà 20 láti ìbẹ̀rẹ̀ títì):

0+000 àárín: −0.448
0+020 àárín: −0.453
0+040 òsì: −0.451
0+060 ọ̀tún: −0.446

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ títí dé 1+200. Ó ní a ti gbẹ́ ilẹ̀ jù ní ohun tó sún mọ́ ìdajì mítà!

Mo ti padà sídìí TBM wa (àmì tí a ti mọ gíga rẹ̀), èyí tí a gé àmì rẹ̀ sórí àpáta. Mo gbé dumpy, ẹ̀rọ tí a fi ń wo gíga ilẹ̀, lọ, mo gba ibẹ̀ dé TBM kejì, mo padà, mílímítà 4 ló fi ṣì. Mo yẹ gíga ọ̀pá prism, èyí tí total station ń wò, wò, ó pé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ìjábọ̀ yìí. Fóómáànù ti gbọ́ "450" lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ mi, kò dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí i láàárọ̀. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ọmọ Kútọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi 0.450 kún gbogbo rẹ̀ nínú Excel, kí ẹ lọ sùn.

Awọnlẹ̀ Ìtòkú:

Àbúrò, èmi ni mo máa buwọ́ lù ú o, kì í ṣe ìwọ.

Ìyá Ayàwòrán:

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Ẹ fi dumpy sílẹ̀ kó sinmi, kò ṣẹ̀ yín.

Ìbéèrè kan ni mo ní. Kí lẹ wọ̀n? Ẹ ní wọn ò tíì da ohunkóhun lé ilẹ̀ tí róólà tẹ̀. Ó dáa. Ẹ lọ ṣí ojú ìwé tí wọ́n ti ya inú títì, níbi tí wọ́n ti to ìpele rẹ̀ léra wọn, kí ẹ ro nínípọn wọn pọ̀. Bí ọ̀dà, stone base àti látéráìtì abẹ́ rẹ̀ kò bá jẹ́ 450 lápapọ̀, ẹ wá sílé mi ní Ìbarà, kí ẹ wá gba ìrẹsì ọ̀fadà pẹ̀lú ayamáṣe.

Corridor kan ṣoṣo lè bí surface mẹ́ta mẹ́rin. Èyí tí wọ́n ń pè ní Top ni ojú òkè pátápátá, ibi tí táyà yóò máa tẹ̀. Datum ni ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú ilẹ̀ tí gbogbo ìpele títì yóò jókòó lé, èyí tí róólà yín tẹ̀ tán yẹn. Ẹni tó fún yín ní fáìlì, Top nìkan ló ṣe. Ẹ wá ń fi ìpìlẹ̀ ilé wé òrùlé. Kò sí bí kò ṣe ní dín.

Báyìí ni kí ẹ ṣe. Ẹ yan corridor, ẹ wọ Corridor Properties, ẹ ṣí Surfaces. Ẹ dá surface tuntun sílẹ̀. Níbi Data type, ẹ fi Links. Níbi code, ẹ yan Datum. Kí ẹ tẹ àmì ìròpọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, surface náà máa ní orúkọ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ṣófo. Overhang Correction, ẹ sọ ọ́ di Bottom Links. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí Boundaries, kí ẹ fi Corridor extents as outer boundary ṣe ààlà rẹ̀. Ẹ má fojú di ààlà yìí o. Láìsí i, àwọn onígun mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ń hun surface máa na ọwọ́ láti etí títì kan sí èkejì níbi tó bá ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n á gba inú ọgbà olóko kọjá, ìjábọ̀ yín á sì máa ka lẹ́fẹ́lì ibi tí títì kò dé rárá.

Ẹ wá ṣe volume surface tuntun: Datum ni Base, ILẸ̀ ni Comparison. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó ń yọ Base kúrò nínú Comparison. Àmì ìròpọ̀, ilẹ̀ ṣì ga, kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Àmì ìyọkúrò, ó ti jìn, kí wọ́n kún un. Ẹ kọ èyí sí orí ìjábọ̀ yín ní lẹ́tà ńlá. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan ti yí méjèèjì padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ni wọ́n ń kó ilẹ̀ dà sí, ọjọ́ méjì gbáko ni típà fi ń lọ tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè.

Ìlà 183 yẹn ńkọ́? Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ mọ́. Ẹ save àwòrán yín sí orúkọ mìíràn. Inú ẹ̀dà yẹn nìkan ni kí ẹ ti lo Elevations from Surface, kí ẹ sì fún un ní Datum. Àṣẹ tó já yín kulẹ̀ lọ́jọ́sí, ìwúlò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá kó points jáde láti inú fáìlì méjèèjì ní PNEZD (nọ́ńbà point, ibi tó wà, gíga rẹ̀ àti àpèjúwe rẹ̀). Nọ́ńbà point kò yí padà, nítorí náà ìlà máa bá ìlà mu, ẹ óò kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Fún chainage (mítà láti ìbẹ̀rẹ̀ títì) àti jíjìnnà sí àárín títì, ẹ wọ Toolbox, níbi Reports Manager, ẹ wá Station Offset to Points, kí ẹ ṣiṣẹ́ rẹ̀ lórí alignment yín, ìlà àárín títì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ti parí.

Bàbá Dọ́ńpì, Láfẹ́nwá:

Ọmọ mi Awọnlẹ̀, Ìyá Ayàwòrán ti wí. Èmi ò mọ corridor, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n mọ́ ní ọjọ́ orí mi yìí. Ṣùgbọ́n inú mi dùn pé o gbé dumpy kí o tó wá fi igbe ta síbí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, àwòrán kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn, tàbí kí wọ́n gbé GPS jáde. GPS yẹn, bí kò bá ṣe pé wọ́n ti fi geoid (àtúnṣe tó ń sọ gíga rẹ̀ di ti ojú òkun) sí i, gíga tó máa sọ fún ọ ní Abẹ́òkúta níbí máa fi ohun tó ju ogún mítà lọ ga ju èyí tí a ń kà láti ojú òkun. Mo ti rí ọmọ kan tó gbé irú rẹ̀ wá fún mi, gọ́tà rẹ̀ wà lókè ilé.

TBM rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. O ní orí àpáta ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, gbogbo wa là ń fi í síbẹ̀, àpáta kì í sọ̀ bí igi èèkàn. Ṣùgbọ́n àpáta wo? Ní 1994, a gé ti wa sórí òkúta kan tó tẹ́ rẹrẹ, a fi ọ̀dà pupa kùn ún. A lọ ṣe iṣẹ́ míì, a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ìyá tó ń fọ́ òkúta tà ti dé ibẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á dáná táyà sórí àpáta títí á fi gbóná, ojú rẹ̀ á wá bó bí èèpo búrẹ́dì, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ. Ohun tó pa mí lára ni pé ọmọ iṣẹ́ mi débẹ̀ ṣáájú mi. Kò rí ọ̀dà pupa mọ́, ó rò pé òjò ló fọ̀ ọ́. Ó wá ọ̀dà tuntun, ó fa àgbélébùú míì sí ojú ibi tó kù, kò sì sọ fún mi. Mílímítà 60 ló ti bó lọ. Ìwé ṣì ń pe lẹ́fẹ́lì àtijọ́, ojú àpáta ti lọ sílẹ̀, nítorí náà gbogbo èèkàn tí a gbé kalẹ̀ ló rẹlẹ̀, a sì gbẹ́ ilẹ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn ló fi wá hàn: ó mú òkúta kékeré kan nínú òkìtì rẹ̀, ọ̀dà pupa ṣì wà lára rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé tiyín kọ́ nìyí?"

Láti ọjọ́ náà, mi ò gba ìjábọ̀ kankan gbọ́ tí wọn ò bá ti TBM kan dé òmíràn. Ìwọ ti ṣe é. Mílímítà 4 dára.

Awọnlẹ̀ Ìtòkú:

Bàbá mi, ẹ ṣeun o. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín tán, mo gun ọ̀kadà lọ wo àpáta wa. Ó ṣì wà bó ṣe wà. Ewúrẹ́ méjì ni mo bá lórí rẹ̀.

Àǹtí mi Ìyá Ayàwòrán, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé yẹn. Ọ̀dà 50, stone base 200, látéráìtì 200. 450 géérégé. Èmi nìkan ni mo jókòó sí ọ́fíìsì ní Pánṣẹ́kẹ́, tí mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ṣe. Iwájú mi ni ìwé náà wà láti ọjọ́ yìí wá. Àwo láfún mi tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ọ̀fadà yín ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo ṣe Datum bí ẹ ṣe wí. Mo gbàgbé láti tẹ àmì ìròpọ̀ yẹn, inú rẹ̀ ṣófo bí ẹ ṣe sọ, mo padà lọ tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ ti wá sáàárín −0.015 sí +0.012 ní ibi tó pọ̀ jù, ìyẹn sì wà nínú ohun tí ìwé àdéhùn wa gbà. Mo lọ bá fóómáànù, mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, àmọ́ ó gba màlítì tí mo rà.

Ó ku ibi méjì. Lórí òkè, láàárín 0+380 sí 0+460, èèkàn wa wà ní mítà 10 mítà 10 torí ojú títì tẹ̀ níbẹ̀, mo sì wọ̀n gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó:

0+380: +0.003
0+390: +0.027
0+400: +0.002
0+410: +0.026
0+420: +0.004

Ọ̀kan dára, ọ̀kan kò dára, bí ẹni ń jó. Kò sí grédà tó lè gbẹ́ ilẹ̀ báyìí kódà kí awakọ̀ rẹ̀ ti mu ẹmu yó.

Ibi kejì ni 0+640 etí òsì. +0.085. Òun nìkan. Àárín àti etí ọ̀tún ibẹ̀ dára, 0+620 àti 0+660 náà dára. Mo rò pé ọmọ iṣẹ́ mi gbé ọ̀pá lé orí òkúta ni.

Ìyá Ayàwòrán:

Èyí tó ń jó yẹn, grédà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ wo frequency corridor yín. Mo mọ̀ pé 20 ló wà níbẹ̀.

Corridor kì í tẹ̀ bí òkè ṣe tẹ̀. Gbogbo mítà 20 ló ń gé títì wò lẹ́ẹ̀kan, yóò wá fa ìlà tó gún láti ojú kan sí èkejì. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n níbi tí òkè ti tẹ̀, ìlà tó gún yẹn ń gba abẹ́ ibi tó yẹ kó gbà. Èèkàn yín ń tẹ̀ lé profile, ìlà bí títì ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, gan-an, ó tọ̀nà. Surface ló fẹ̀yìn balẹ̀. Bí K òkè yín (nọ́ńbà tó ń sọ bí òkè ṣe rọra tẹ̀ tó) bá jẹ́ 20, àṣìṣe yẹn ní àárín mítà 20 jẹ́ 0.5 tí ẹ fi 20 pín, ìyẹn 0.025 mítà. Ẹ fi wé ohun tí ẹ rí. Ibi tí corridor ti gé títì, ní 380, 400, 420, kò sí àṣìṣe kankan. Àárín wọn ni gbogbo rẹ̀ kó sí.

Ẹ sọ frequency di 5 fún ibi tí profile ti tẹ̀. Nígbà tí jíjìnnà bá di ìdá mẹ́rin, àṣìṣe di ìdá mẹ́rìndínlógún: mílímítà kan ààbọ̀. Ìlú olókè bíi tiwa yìí, mi ò mọ ìdí tí ayàwòrán fi máa ń fi 20 sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀lẹ ni, kí n má purọ́. Èmi náà ti ṣe é rí torí kọ̀ǹpútà mi nígbà náà ń kú tí mo bá ní kó rebuild.

0+640, mi ò mọ̀ láti orí àga níbí. Ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ mú ṣọ́bìrì dání.

Ọmọ Kútọ̀:

Mo ti mú pẹ́ńsù. Ẹ̀yin ni ẹ̀ ń fi ìṣirò yìí pamọ́, tí ẹ jẹ́ kí n máa fi 0.450 gba èèyàn nímọ̀ràn.

Awọnlẹ̀ Ìtòkú:

Mo padà wá jíṣẹ́.

Mo fi 5 sí i. Ijó ti dáwọ́ dúró, 0+390 ti di +0.003, 0+410 di +0.001. Ìlà 183 wà nínú Excel, mi ò fọwọ́ tẹ ẹyọ kan nínú wọn.

Àfi 0+640. Àárọ̀ yìí ni mo lọ, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi. Mo tún un wọ̀n: +0.086. Ojú ilẹ̀ ibẹ̀ dán, ó pọ́n dáadáa, kò yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gba ṣọ́bìrì, mo gún un. Kò ju ìka mẹ́ta lọ tó wọlé, ó dún kọ̀ọ́! Mo sún sí ẹ̀gbẹ́, mo tún gún un: kọ̀ọ́! Mo fi ọwọ́ gbá látéráìtì kúrò. Àpáta ni, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, ó tẹ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n ti fọ́ ọ títí ó sú wọn, wọ́n wá fi látéráìtì bò ó, wọ́n gbé róólà gùn ún.

Fóómáànù dúró lẹ́yìn mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kí lèyí?" Ó wo àpáta, ó wo mi, ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé Abẹ́òkúta la wà."

Mo ti kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ bó ṣe wà, +0.086, mo sì fi fọ́tò ṣọ́bìrì sí i. Kọnsọ́tánǹtì ti buwọ́ lu ìyókù. Ẹ̀rọ ìfọ́kúta ń bọ̀ ní agogo méje àárọ̀ ọ̀la.